Ẹ fẹ́ ta ọjà olówó iyebíye lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹnu ọ̀nà owó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè kan wà tí àwọn oníṣòwò wa máa ń bi ara wọn lóde òní, pàápàá àwọn tó ń ta ojúlówó aṣọ òkè, iyùn, góòlù, àpò awọ àti àwọn nǹkan mìíràn tí owó wọn kì í ṣe kékeré: nínú gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èwo ló dára jù? Ìbéèrè náà kò burú, bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Èyí tó rẹwà jù lójú ni wọ́n máa ń mú, tàbí èyí tí ọ̀rẹ́ wọn ń lò, tàbí èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun lè bá wọn ṣe parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó di ìgbà tí owó ọjà bá há sójú ọ̀nà, tàbí tí báńkì bá fa owó tó ti wọlé jáde padà, kí wọ́n tó mọ̀ pé ibi tó yẹ kí àwọn ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni àwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjà olówó iyebíye yàtọ̀ sí ọjà yòókù. Ẹni tó ń ta ọṣẹ ìfọṣọ tàbí ìbọ̀sẹ̀, bí ẹyọ kan bá sọnù nínú ọgọ́rùn-ún tó tà, èrè orí èyí tó kù yóò bo àdánù náà mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ti ẹni tó ń ta aṣọ òkè. Ká ní ó ra sányán kan lọ́wọ́ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ní 320,000 náírà, tó sì fẹ́ tà á ní 400,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ 80,000. Bí oníjìbìtì bá gbé aṣọ náà lọ láìsanwó, aṣọ mẹ́rin mìíràn ni yóò tà láìjẹ èrè kankan kí ó tó padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ márùn-ún ló máa ń tà lóṣù, a jẹ́ pé iṣẹ́ oṣù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọgbó nìyẹn. Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé kì í ṣe ẹwà ṣọ́ọ̀bù ni irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ wò. Ohun tí yóò bi ara rẹ̀ léèrè ni pé: ọ̀nà wo ni owó yóò gbà wọlé, ta ló lágbára láti fà á jáde padà, ẹ̀rí wo ni yóò sì wà lọ́wọ́ mi bí ìjà bá dé?

Bí a bá ní èyí lọ́kàn, a lè wá yẹ àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀ wò. Mẹ́rin ni wọ́n ní pàtàkì.

Èkíní ni èyí tí ọ̀pọ̀ ti ń lò láìpè é ní ṣọ́ọ̀bù rárá, ìyẹn WhatsApp àti Instagram. Òǹtajà a ya fọ́tò ọjà, a gbé e síta, oníbàárà a béèrè iye rẹ̀, wọn a dúnàá-dúrà, oníbàárà a fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì, oníbáíìkì a sì gbé ẹrù lọ. WhatsApp Business tó jáde ní 2018 tún jẹ́ kí òǹtajà lè to ọjà rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni pàtẹ sínú igbá. Kò sí owó ilé, kò sì sí ẹni tó ń yọ nǹkan nínú owó ọjà. Kò yẹ kí a fi ojú tín-ín-rín wò ó, nítorí pé ọjà olówó ńlá ń fẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Ìyá ìyàwó tó fẹ́ fi iyùn ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ yóò fẹ́ béèrè bí ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe tóbi tó, bóyá ó wúwo lọ́rùn, bóyá àwọ̀ rẹ̀ yóò bá aṣọ lọ. Kò sí ìkànnì tó lè dáhùn gbogbo ìyẹn bí ohùn ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú káàkiri àgbáyé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ orílẹ̀-èdè yìí ti Twitter pa láti oṣù kẹfà títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ kò sí níbòmíràn ju inú irú ibẹ̀ lọ, bí wọ́n bá ti àkáǹtì rẹ̀ pa lóru ọjọ́ kan, bóyá nítorí pé ẹnì kan jí i gbà tàbí nítorí pé ẹ̀rọ ṣì í mú, kò ní orúkọ oníbàárà kan ṣoṣo lọ́wọ́ tí yóò pè. Ọ̀rọ̀ ayédèrú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, tí gbogbo ọjà ń pè ní fake alert, tún wà níbẹ̀. Òǹrajà a fi àwòrán rìsíìtì báńkì ránṣẹ́, a ní òun ti sanwó, òǹtajà tí ọwọ́ rẹ̀ dí a sì gbé ẹrù jáde kí ó tó yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò.

Ọ̀nà kejì ni àwọn ọjà ńlá bíi Jumia àti Konga, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Wọ́n ní èrò, wọ́n ní àwọn tó ń gbé ẹrù, wọ́n sì ń gba owó fún òǹtajà kí wọ́n tó yọ tiwọn. Fún ẹni tó ń ta ìkòkò àti fóònù, ibi gidi ni. Fún ẹni tó ń ta iyùn, èmi kò rò pé ó yẹ kó jẹ́ ilé rẹ̀. Ojúlówó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti oníke tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹni tó ń wá ọjà níbẹ̀ yóò kàn to gbogbo rẹ̀ láti orí èyí tó pọ́ọ́kú jù ni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, oníbàárà tó rà á kì í ṣe tìrẹ, ti ọjà ni. Bẹ́ẹ̀ oníbàárà tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta ni òwò olówó iyebíye fi ń dúró.

Ọ̀nà kẹta ni kí ènìyàn háyà ṣọ́ọ̀bù tí ẹlòmíràn ti kọ́ sílẹ̀. Shopify ni orúkọ rẹ̀ kàn jù nínú wọn, ìtàn rẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ní 2004, Tobias Lütke, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní Ottawa ní ilẹ̀ Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ máa ta pákó tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń yọ̀ ṣeré lórí yìnyín. Ṣọ́ọ̀bù kékeré lásán ni. Wọn kò rí ètò kọ̀ǹpútà tó tẹ́ wọn lọ́rùn láti fi tà á, ni Lütke bá jókòó, ó kọ tirẹ̀. Ní 2006 ni wọ́n sọ ètò náà di ohun tí àwọn ẹlòmíràn lè háyà lóṣooṣù, òkìkí ètò yìí sì ti bo ti pákó mọ́lẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nílé níbí, Bumpa wà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, Flutterwave náà sì gbé ètò ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ jáde ní 2020 nígbà tí àrùn Kòrónà ti àwọn ọjà wa pa.

Ohun tó dára nínú ilé tí a háyà ni pé onílé ló ń tún un ṣe. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bàjẹ́, bí àwọn olè orí ẹ̀rọ bá ń wá ojú ihò tí wọn yóò gbà wọlé, kì í ṣe òǹtajà ni yóò jí lóru láti dí i. Fún ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà, tí kò sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n nítòsí, ohun ńlá nìyí.

Owó ilé ni ìṣòro ibẹ̀. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ ilé òkèèrè ń gbà. Ká ní dọ́là 30 ni owó oṣù kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní iye ti ìjọba, a jẹ́ pé owó oṣù náà kò tó 15,000. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là ti fò kọjá 1,500 náírà, owó oṣù kan náà sì di 45,000 ó lé. Onílé kò fi kọ́bọ̀ kan kún un o! Ẹ tún rántí pé láti 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì wa ti dí káàdì náírà lọ́wọ́ láti má ṣe sanwó sí òkèèrè, tí ó sì di àárín ọdún 2025 kí àwọn kan nínú wọn tó tún ṣí i. Láàárín àkókò náà, ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò ní káàdì dọ́là lè tì mọ́ ọn lójú nítorí owó ilé tí kò rí ọ̀nà san, kì í ṣe nítorí pé kò ní in.

Ọ̀nà kẹrin ni kí ènìyàn kọ́ ilé tirẹ̀. WooCommerce tó jáde ní 2011 ni èyí tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà fúnra rẹ̀, orí WordPress ló ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ni Paystack àti Flutterwave sì ti ṣe àfikún tí yóò so ó mọ́ àwọn báńkì wa. Ohun tí ẹ ó san ni owó orúkọ ìkànnì àti owó ibi tí ìkànnì yóò máa gbé, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbà á ní náírà sì wà nílé. Kò sí ẹni tó lè lé yín jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni onílé, ẹ̀yin náà ni ọlọ́dẹ. Ètò náà ń fẹ́ àtúnṣe nígbà gbogbo, gbogbo àfikún tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn ń fẹ́ àtúnṣe tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì ṣe é fún oṣù mẹ́fà ti ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún olè. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ẹni tó kọ́ ọ ti gba owó rẹ̀ lọ, tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ rí i dájú pé orúkọ ìkànnì náà, yálà onípàrí .com tàbí .ng, wà ní orúkọ yín, pé íméèlì yín ni wọ́n fi gbà á, kì í ṣe ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wá dé ẹnu ọ̀nà owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ilé tó dúró sáàárín òǹtajà àti báńkì nílẹ̀ wa ni àwọn bíi Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, àti Flutterwave tó tẹ̀ lé e ní 2016. Ẹ jẹ́ kí a fi Paystack ṣe ìṣirò, nítorí pé gbangba ni iye tó ń gbà wà. Lórí káàdì tàbí àkáǹtì ti Nàìjíríà, ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú 100 náírà ni, ṣùgbọ́n kì í kọjá 2,000 náírà bó ti wù kí owó ọjà pọ̀ tó. Lórí káàdì ilẹ̀ òkèèrè, ìdá 3.9 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú 100 náírà ni, kò sì sí òpin sí tìyẹn.

Ẹ wá wo sányán wa olówó 400,000. Bí ará Ìbàdàn bá fi káàdì rẹ̀ rà á, ohun tí wọn yóò yọ kò ju 2,000 náírà lọ. Òpin owó yẹn ni ọ̀rẹ́ ẹni tó ń ta ọjà olówó ńlá; ẹni tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Bí ará Houston bá fi káàdì Amẹ́ríkà rà á, 15,700 náírà ni wọn yóò yọ. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá tún wà lórí Shopify ńkọ́? Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Shopify ti ń lo ètò ìgbowó tirẹ̀, ẹni tó bá sì gba owó nípasẹ̀ ilé mìíràn, ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Basic, yóò tún san ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fún Shopify, ìyẹn 8,000 náírà. Ti ará Ìbàdàn wá di 10,000, ti ará Houston di 23,700. Nínú èrè 80,000, èyí tí òǹtajà yóò yọ lé ẹni tó rà láti Houston ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá èrè náà, a kò sì tíì ka owó ilé oṣooṣù mọ́ ọn. Oníṣòwò tó ṣe ìṣirò yìí kí ó tó mú ṣọ́ọ̀bù yóò mọ iye tí yóò lé owó ọjà rẹ̀ sí. Ẹni tí kò ṣe é yóò máa yà á lẹ́nu pé ọjà ń tà, owó kò sì sí.

Àwọn kan ti rí ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní ọmọ tàbí àbúrò ní London tàbí ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ó forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù náà níbi tí ètò ìgbowó Shopify ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tó bófin mu ni, ó sì máa ń dín ìyọkúrò owó kù. Àmọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkáǹtì ni báńkì mọ̀, òun náà ni ìjọba ibẹ̀ yóò béèrè owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó dá irú èyí sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tó ni ọjà, ẹni tó ni èrè àti ìgbà tí owó yóò máa wálé. Ìfẹ́ kì í ṣe ìwé àdéhùn.

Ewu tó tóbi jù ni mo fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún. Òun ni kí owó wọlé tán, kí ó tún jáde. Nígbà tí ènìyàn bá fi káàdì sanwó, ẹni tó ni káàdì náà ní ẹ̀tọ́ láti lọ sọ fún báńkì rẹ̀ pé òun kọ́ ni òun ra nǹkan náà, tàbí pé ẹrù kò dé, tàbí pé ohun tó dé kọ́ ni wọ́n júwe. Chargeback ni wọ́n ń pè é. Lábẹ́ òfin Visa àti Mastercard, ó sábà máa ń ní ọgọ́fà ọjọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn bí oṣù mẹ́rin. Ẹ fojú inú wò ó pé olè kan jí nọ́ńbà káàdì ìyá àgbàlagbà kan ní Chicago, ó fi ra iyùn lórí ìkànnì yín, ó ní kí ẹ gbé e lọ sí ilé kan ní Lẹ́kí. Owó wọlé, ẹ̀yin gbé ẹrù jáde pẹ̀lú ìdùnnú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìyá àgbàlagbà náà rí i nínú ìwé àkáǹtì rẹ̀, ó pariwo, báńkì rẹ̀ sì fa owó náà padà. Ẹni tó gbé iyùn kò sí ní Lẹ́kí mọ́. Ìyá àgbàlagbà rí owó rẹ̀ gbà, báńkì kò pàdánù, ilé tó dúró sáàárín kò pàdánù. Ẹ̀yin nìkan ló kù.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ètò ìgbowó kí ẹ tó yàn án ni bó ṣe ń yẹ ẹni tó mú káàdì wá wò. Ọ̀pọ̀ káàdì Nàìjíríà ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, èyí kò sì rọrùn fún olè. Ọ̀pọ̀ káàdì Amẹ́ríkà kì í béèrè irú rẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní 3-D Secure tó ń mú kí báńkì tó ni káàdì fúnra rẹ̀ yẹ oníbàárà wò. Bí owó bá gba ibẹ̀ wọlé, tí ẹni tó ni káàdì wá sọ pé òun kọ́, báńkì tó fún un ní káàdì ló sábà máa ń ru àdánù náà, kì í ṣe òǹtajà. Ṣùgbọ́n kò gba òǹtajà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ pé ẹrù kò dé. Tìyẹn, ẹ̀rí nìkan ló lè gbà yín.

Fún àwọn oníbàárà nílé, fífi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì ló bá ọjà olówó ńlá mu jù, nítorí pé kò sí ẹni tó lè dédé fà á padà bíi ti káàdì. Láti 2011 ni ètò NIBSS tó so àwọn báńkì wa pọ̀ ti jẹ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ máa dé lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ nínú ètò ìgbowó tòótọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù yóò fún oníbàárà ní nọ́ńbà àkáǹtì tó wà fún ọjà yẹn nìkan, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ pé owó ti dé. Ayédèrú rìsíìtì kò ní rí ẹni tàn jẹ níbẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ kì í wo fọ́tò rìsíìtì.

Ti àwọn oníbàárà òkèèrè gba ọgbọ́n. Ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ yín fún ìgbà àkọ́kọ́, tó mú mẹ́ta tó wọ́n jù láìbéèrè ohunkóhun, tó ń kánjú, tí orúkọ orí káàdì rẹ̀ kò bá orúkọ ẹni tí yóò gba ẹrù mu, tí káàdì mẹ́ta sì ti kọ̀ fún un kí ẹ̀kẹrin tó gbà, ẹ má ṣe gbé ẹrù fún un lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pè é lórí fóònù tí ẹ ó fi rí ojú ara yín. Ojúlówó oníbàárà kì í bínú sí ìyẹn, ó tilẹ̀ máa ń dùn mọ́ ọn pé ẹni tó ń tajà mọ iyì ọjà. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ dá owó rẹ̀ padà kí ẹrù tó jáde. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀bù tí kò bá lè jẹ́ kí ẹ dá ọjà kan dúró, kí ẹ sì dá owó rẹ̀ padà láìkọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ti ọjà olówó iyebíye.

Ẹ̀rí náà tún ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń di ẹrù, kí nọ́ńbà ọjà náà hàn nínú rẹ̀. Ẹ lo ilé iṣẹ́ akẹ́rù tó ń fúnni ní nọ́ńbà ìtọpinpin, tó sì ń gba ìbuwọ́lùwé ẹni tó gba ẹrù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ lórí WhatsApp, ẹ so ó mọ́ nọ́ńbà ọjà, kí ó lè rọrùn láti rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ìjà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibodè náà kò kéré. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà ti fòpin sí àǹfààní tí ẹrù tí owó rẹ̀ kò ju 800 dọ́là lọ ní tẹ́lẹ̀ láti wọlé láìsan owó ibodè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ẹrù tí owó rẹ̀ kò ju 135 pọ́n-ùn lọ, òǹtajà ló yẹ kó gba owó orí ọjà náà, ìyẹn VAT, nígbà tó ń tà á. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ní ibodè ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹrù wá bá. Sányán kì í sábà wà lábẹ́ 135 pọ́n-ùn. Bí ìkànnì yín kò bá sọ èyí fún oníbàárà kó tó sanwó, inú yóò bí i nígbà tí akẹ́rù bá ní kó tún mú owó wá, yóò kọ ẹrù, yóò lọ bá báńkì rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó lè fi ọ̀rọ̀ yìí hàn lójú ewé ìsanwó, gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè oníbàárà bá ti rí, sàn ju èyí tó ní òdòdó tó ń yí po lọ. Ẹni tó bá sì ń ta ère àtijọ́, kò gbọdọ̀ gbé e kọjá ibodè Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ díẹ̀ nípa bí ẹ ó ṣe júwe ọjà. Sányán tòótọ́, lára ìtẹ́ tí kòkòrò inú igbó ń ṣe ni a ti ń rí òwú rẹ̀, òun ló ní àwọ̀ ilẹ̀ tí kì í tàn yòò. Ẹtù ni èyí tí a pa láró títí tó fi dúdú kirikiri. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní sányán lọ́jà lónìí, òwú ẹ̀rọ tí wọ́n pa láwọ̀ ni. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn ta ìyẹn, bí ó bá pè é bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo òǹrajà ti 2018 sọ pé ohun tí a bá fi àpèjúwe nìkan tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Ẹ kọ irú òwú tó jẹ́, ìwọ̀n rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti hun ún, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bí ó bá sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, ẹ kọ ẹyọ kan sínú ètò náà, kí ó lè yọ ara rẹ̀ kúrò lórí àtẹ ní kété tí ẹnì kan bá ti sanwó. Àìṣe èyí ló ń mú kí ènìyàn méjì sanwó iyùn kan.

Àwọn tó ń ra irú ọjà yìí, olówó ni wọ́n. Orúkọ wọn, àdírẹ́sì ilé wọn àti ohun tí wọ́n rà, bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ adigunjalè, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 ti sọ ọ́ di dandan fún oníṣòwò láti pa á mọ́. Nítorí náà ẹ má ṣe gba nọ́ńbà káàdì oníbàárà sínú WhatsApp láé, ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo ọmọ ìṣẹ́ mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà.

Bí ẹnì kan bá wá bi mí pé èwo ni kí òun mú, ohun tí mo máa sọ nìyí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí kò tíì ta ọjà mẹ́wàá lóṣù, kó forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, kó ra orúkọ ìkànnì tirẹ̀, kó máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n kó máa fi ojú ewé ìsanwó ti Paystack tàbí Flutterwave gba owó, kì í ṣe àkáǹtì ara rẹ̀. Ẹni tí púpọ̀ nínú oníbàárà rẹ̀ wà nílé, tó sì ní ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé tó mọ kọ̀ǹpútà, WooCommerce ni yóò dín ìnáwó rẹ̀ kù jù, nítorí òpin 2,000 náírà yẹn. Ẹni tí púpọ̀ nínú oníbàárà rẹ̀ wà ní òkèèrè, tó ní ilé iṣẹ́ tí òfin ibẹ̀ mọ̀, tí kò sì fẹ́ ìyọnu àtúnṣe, kó háyà Shopify, kó sì ka ìnáwó rẹ̀ mọ́ owó ọjà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó burú bí a bá mú un fún iṣẹ́ tó lè ṣe.

Kí ẹ tó kéde ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ ní kí ìbátan yín kan ní òkèèrè fi káàdì rẹ̀ ra nǹkan kékeré níbẹ̀. Ẹ ka iye ọjọ́ tí owó fi dé àkáǹtì yín àti iye tí wọ́n yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dá owó náà padà fún un, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí ìyẹn náà gbà.